Ebè Tí Kò Ní Èbù

Rédíò ni Bàbá Àgbà mi máa ń bá jiyàn jù láyé yìí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọn á gbé rédíò kékeré tí wọ́n fi okùn rọ́bà dì yíká sórí àpótí, wọn á fà á mọ́ra, wọn á máa mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọn á sì máa retí ìròyìn. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ti ní ìjọba máa ṣe ọ̀nà, Bàbá Àgbà á dá a lóhùn pé, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́." Bó bá ní ìjọba máa fún àwọn àgbẹ̀ ní ajílẹ̀, wọn á tún ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́." Wọn ò jẹ́ kí ìlérí kan kọjá lọ láìfi gbólóhùn yẹn tì í lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà bi wọ́n léèrè pé ṣé ẹni tó wà nínú rédíò ń gbọ́ wọn ni. Bàbá Àgbà mu ẹ̀kọ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó fèsì.

"Ó gbàgbé láti sọ ọ́ ni. Mo ń bá a sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ má baà rìn níhòòhò."

Oṣù tó kọjá la sin wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan tan rédíò náà. Ìròyìn ń lọ, ìjọba máa ṣe tibí, ìjọba máa ṣe tọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mi ò sunkún nígbà tí wọ́n gbé wọn jáde nílé, ṣùgbọ́n ibi tí rédíò yẹn ti ń dá sọ̀rọ̀ ni ọkàn mi ti gbọgbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Bàbá Rábíù ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n, torí Rábíù, bàbá tó bí mi lọ́mọ, ni àkọ́bí wọn. Ìdí-Emi ni abúlé wa, lápá Ogbooro. Igi emi ńlá kan tó wà láàárín abúlé la fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ fi ṣe òrí, àwọn ọkùnrin ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì ń sùn síbẹ̀ nígbà tí kò bá sí ìpàdé. Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá Àgbà. Wọ́n kúrú, apá wọn le, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì fẹ́ tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e lé ọ lórí láti wúre fún ọ, ọrùn rẹ á kọ́kọ́ tẹ̀. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń ka ènìyàn bá bèèrè lọ́wọ́ wọn, wọn á ní, "Mo ti wà nílẹ̀ kí ìwọ tó ń bèèrè tó dé."

Ẹ má rò pé wọ́n ń rí àwọn aláṣẹ fín o. Bí Baálẹ̀ bá ń bọ̀, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ dìde. Lọ́jọ́ ìdìbò, agbádá ọdún Iléyá ni wọ́n ń wọ̀ lọ, wọn á tò sórí ìlà láti òwúrọ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan yẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè bọ́ síwájú. Àmọ́ bí ẹni tí wọ́n dìbò fún bá wọlé, tí àwọn ènìyàn ń fò sókè, wọ́n á ti wà lóko. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá inú wọn ò dùn ni. Wọ́n ní inú àwọn dùn dáadáa. "Ìbò ni mo fún un, Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní. "Mi ò fún un lọ́kàn mi."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, pé kí wọ́n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àlùwàlá ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìránṣẹ́ dé. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ tán, wọ́n kí ìránṣẹ́ kú iṣẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà mọ́sáláásí lọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé ilé Baálẹ̀, ojú Baálẹ̀ ti le. Ó ní, "Bàbá Rábíù, àbí wọn ò jíṣẹ́ mi fún yín ni?" Bàbá Àgbà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja ná. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti fèsì pé, "Wọ́n jẹ́ ẹ, Baálẹ̀. Ẹni tó dá ẹ̀yin àtèmi ló ti kọ́kọ́ pè mí."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dìde, ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá fún wọn. Láti ìgbà náà, kò tún ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ mọ́.

Wọ́n tún ní yẹ̀yẹ́ lára ju bí àlejò ṣe lè mọ̀ lọ. Ní àsìkò ìpolongo ìbò kan, wọ́n pín ṣẹ́ẹ̀tì àti fìlà tí àwòrán olùdíje wà lára rẹ̀ kiri abúlé. Bàbá Àgbà gba tiwọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ọkà bàbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí, tí àwọn ẹyẹ ń jẹ ẹ́, la rí ṣẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ti fi wọ igi kan láàárín oko, wọ́n gbé fìlà náà lé e lórí, olùdíje sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹyẹ tó bá kọjá. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n wá bínú. Bàbá Àgbà fi àga lọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Ó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àwa àgbẹ̀, mo sì ti rí iṣẹ́ fún un."

Èmi náà jẹ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Ṣakí, wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a kàwé máa wá sílé ọ̀gá olóṣèlú kan, pé ó ń bá wa wá iṣẹ́ ìjọba. À ń lọ, à ń jókòó sí ìloro rẹ̀, à ń jẹ ẹ̀pà, à ń bọ̀. Mo rò pé Bàbá Àgbà á bá mi wí. Wọn ò bá mi wí rárá. Wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Ẹnu ẹnì kan ni Ọlọ́run lè gbà ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá ń dúró dè é, má jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà nítòsí gáréèjì ní Ṣakí, títí mo fi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Lónìí, ẹni tí ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀ bá já láàárín Ṣakí sí ẹnubodè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ni òmíràn ti máa jáde. Iṣẹ́ ìjọba náà ò tíì dé. Mo ṣì ń dúró dè é, àmọ́ mi ò jókòó.

Kí n má purọ́ mọ́ òkú: wọ́n lágídí. Wọ́n lè bá ọ jiyàn lórí ọ̀nà tó yá jù dé Ìlúà títí oúnjẹ á fi tutù. Bí Ìyá Àgbà bá ní àwọn ti so ewúrẹ́, wọ́n á ṣì dìde lọ wò ó. Lọ́jọ́ kan, ó sú Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Bàbá Rábíù, ẹ gba Ọlọ́run gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò fi gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan èmi." Bàbá Àgbà wọlé lọ. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jáde wá bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀. "Lẹ́yìn Rẹ̀, ìwọ ni," wọ́n ní, wọ́n sì gbọkọ́ wọn lé èjìká. Ìyá Àgbà ń sọ ìtàn yìí lásìkò fìdáù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo sọ irú ẹni tí Bàbá Àgbà jẹ́, ọ̀rọ̀ ebè ni màá sọ.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iṣu lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò ṣì ń rọ̀, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, là ń kọ ebè. Bí òjò bá dá, tí ọyẹ́ dé, a ó kó èbù, ìyẹn iṣu tí à ń gbìn, sínú ebè náà, a ó fi koríko bò ó lórí. Ọ̀rinrin tí ebè ti tọ́jú ni èbù á máa mu títí òjò tuntun á fi rọ̀. Ẹni tí kò bá kọ ebè kí òjò tó dá, ó parí fún un lọ́dún yẹn. Ilẹ̀ ọyẹ́ kì í gba ọkọ́.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àkókò àrọ̀kúrò gan-an, Ọnọ́rébù kan wá ṣèpàdé lábẹ́ igi emi. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá Kékeré ló mú un wá. Àbúrò Bàbá Àgbà ni Bàbá Kékeré, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun alẹ́ láti kékeré. Bàbá Kékeré sì ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wa. Ọnọ́rébù ní ìjọba ti ra katakata tó ń kọ ebè fún wa, ó ti wà lọ́nà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kọ ebè mọ́, torí katakata ò lè ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó ti ní ebè, àti pé ẹni tó bá kọ ọ́ ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ètò nìyẹn. Àwọn ènìyàn hó yè. Ta ni kò mọ ohun tí ebè kíkọ ń fojú ẹ̀yìn rí?

Wọ́n ní kí Bàbá Àgbà ṣàdúà, kí wọ́n sì fèsì lórúkọ àwọn àgbẹ̀. Mo rí Bàbá Kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n wọn létí, tí wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé òun la gbójú lé." Bàbá Àgbà dìde, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ṣàdúà fún Ọnọ́rébù, fún ìyàwó rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, kódà wọ́n ṣe fún táyà ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ṣe àmín. Wọ́n wá dé fìlà wọn padà.

"Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣe é. Ọ̀la, a ó kọ ebè."

Wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín sí ìyẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá Kékeré ti dé àgbàlá wa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dójú tì mí láwùjọ."

"Mo ṣàdúà fún un, Lásíìsì."

"Ẹ ṣàdúà tán, ẹ wá ní ẹ máa kọ ebè. Ẹni tó ní ká má kọ ọ́ ló jókòó síwájú yín yẹn."

"Ta ló rán òjò yìí?"

Bàbá Kékeré wo ojú ọ̀run.

"Ẹni tó rán an ló ní kí n kọ ebè. Bí Ọnọ́rébù bá lè ní kí òjò dúró dè é, èmi náà á dúró."

Bàbá Kékeré ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ àgbàlá náà mọ́, wọ́n sì mú un ṣẹ. Láràárọ̀ ni Bàbá Àgbà ń kí wọn ní mọ́sáláásí, wọn kì í dáhùn. Ó dun Bàbá Àgbà wọra. Wọn ò sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, apá kan àwo ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀.

Bàbá Àgbà bẹ ọ̀wẹ̀, pé kí àwọn ará abúlé wá bá wọn kọ ebè, kò sẹ́ni tó wá. Àwọn pẹ̀lú bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ Múftáù ló kọ ebè náà. Wọ́n kọ ọ́ títí ó fi tó èbù wa, wọn ò dúró. Wọ́n wọ ilẹ̀ tó ti sinmi, wọ́n tún ń kọ. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá á dúró wò wọ́n, wọ́n á ní Bàbá Rábíù ń kọ ebè fún àwọn àǹjọ̀nú. Múftáù ní, "Bàbá, èbù wa ò tó ìdajì ibí yìí. Kí la fẹ́ gbìn sí ìyókù?" Bàbá Àgbà ní kó máa kọ lọ. Bàbá mi ni ò lè pa á mọ́ra. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́, pé ojú ń ti òun. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú ọkọ́ náà, wọ́n fọwọ́ nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì nà án sí i.

"Ọlọ́run tó fún wa lágbára láti kọ ọ́ mọ ẹni tó máa gbìn ín."

Òjò dá. Wọ́n ní katakata ti dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ó ti dé Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní ó yọnu ní Ìlúà, pé wọ́n ń tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ní nǹkan kan mọ́. Ọyẹ́ mú, ètè bẹ́, ilẹ̀ gan paali. Àwọn tó gbìyànjú láti kọ ebè, ọkọ́ wọn ń ta padà ni. Nínú àká Bàbá Kékeré, èbù ti ń hù, ó ń na ọwọ́ funfun gba inú àlàfo igi jáde, kò sì síbi tí wọ́n máa gbìn ín sí. Èbù iṣu àmúlà tí bàbá àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tí Bàbá Àgbà pín nínú rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́, ọwọ́ Bàbá Kékeré nìkan ló kù sí. Bó bá gbẹ síbẹ̀, irú rẹ̀ tán nílé wa nìyẹn, láìsọ ti ebi ọdún tó ń bọ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, Bàbá Àgbà tọrọ ààyè lọ́wọ́ Lèmọ́ọ̀mù. Gbogbo ènìyàn tẹ orí ba, torí wọ́n mọ ohun tí àgbà tó jàre lè sọ. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní, "Mo ní ebè tí kò ní èbù. Ẹni tó bá ní èbù tí kò ní ebè, kó jọ̀ọ́, kó wá ràn mí lọ́wọ́." Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà wọn, wọ́n lọ sílé.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn ti ń ru agbọ̀n èbù lọ sóko wa. Bàbá Kékeré nìkan ni ò yọjú. Ọjọ́ kejì, lójú gbogbo abúlé, Bàbá Àgbà gbé agbọ̀n, wọ́n lọ sí àká àbúrò wọn, wọ́n ṣí i láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kó èbù àmúlà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọwọ́ tó hù má ṣẹ́, wọ́n gbé e rù. Ẹ̀gbọ́n ló ń ru ẹrù àbúrò kọjá láàárín ìlú yẹn. Bàbá mi sá lọ gbà á, wọn ò fún un. Wọ́n ti gbìn tó ìlà kan kí Bàbá Kékeré tó dé oko pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ìdì koríko lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń fi koríko bo orí ebè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mọ̀ pé kò ní wá ni?"

"Mi ò mọ̀," Bàbá Àgbà ní. "Òjò ni mo mọ̀ pé ó ti dé."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà gbé àwo kan ṣoṣo jáde fún àwọn méjèèjì, apá méjèèjì rẹ̀ sì tán.

Ọdún yìí, àárín àrọ̀kúrò náà ni àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Wọn ò tíì kọ ebè tán. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n bi mí léèrè pé, "Ṣé òjò ṣì ń rọ̀?" Mo ní ó ń rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ má dúró dè mí." Mo gbà pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ oko. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko nìkan.

Ọjọ́ fìdáù, lẹ́yìn tí àwọn alùfáà parí wáàsí, aṣojú Ọnọ́rébù mìíràn dìde lábẹ́ igi emi. Ó kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó ní ọ̀gá òun gbọ́ nípa Bàbá, pé ó máa da ọ̀dà sí ọ̀nà wa láti Ogbooro wá, pé orúkọ Bàbá Rábíù ni ọ̀nà náà á máa jẹ́. Ó ní ká fọkàn balẹ̀, ká gbójú lé òun, pé katakata náà ń bọ̀. Ó jókòó, ó ń retí kí a dúpẹ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, torí àwọn ni àgbà ilé báyìí.

Wọ́n fi ọ̀pá dìde. Wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n ṣàdúà fún aṣojú náà, fún ọ̀gá rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ṣe fún táyà ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n wá dé fìlà náà padà.

"Ẹ ṣé o," Bàbá Kékeré ní. "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣe é. Ọ̀la, a ó kọ ebè."

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo abúlé ló ṣe àmín.